Igun Tí Wọ́n Gé Lára Ilé Baibín

Nígbà tí òkúta wó lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo abúlé gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Baibín nìkan ni kò gbà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i, kì í tètè gbà. Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé ọjọ́ tí òun bí i, òun àti agbẹ̀bí jọ jiyàn títí ilẹ̀ fi mọ́, àti pé ọmọ náà ló borí àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín bó ṣe yẹ. Ní etí òkun tiwa níbí, ní ìwọ̀ oòrùn Ireland, ẹni tó fẹ́ kọ́lé kì í kàn gbé ṣọ́bìrì kó máa gbẹ́lẹ̀ bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan wà tí ojú kì í rí, tí wọ́n ti ń rìn lórí ilẹ̀ yìí kí àwa tó dé. Àwọn Ẹni Rere là ń pè wọ́n, torí pé a kì í dárúkọ wọn gan-an, wọn ò sì gba àfojúdi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n ń gbà láti orí òkè lọ sí etí omi. Ẹni tó bá kọ́lé dí ọ̀nà náà, màlúù rẹ̀ ò ní fún wàrà mọ́, ọmọ rẹ̀ á sì máa rù láìsí àìsàn kan tí dókítà lè tọ́ka sí. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń to òkúta léra wọn ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ibi tí ilé máa wà, nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Bí òkúta bá ṣì dúró láàárọ̀, máa kọ́lé rẹ. Bó bá ti wó, wá ibòmíì.

Ọkọ tí Baibín fẹ́ fẹ́ ni Beartla, ọmọ Nábla opó. Apẹja ni Beartla, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí iṣẹ́ ju bí ẹnu rẹ̀ ṣe yá sí ọ̀rọ̀ lọ. Yàrá kan àti ibi ìdáná ni ilé ìyá rẹ̀, màlúù sì ń sùn lápá ìsàlẹ̀ ilé kan náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Baibín ti la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún un.

"Màá fẹ́ ẹ o, Beartla, tọkàntọkàn ni màá sì fi fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá ìyá ẹ du ìkòkò kan náà. Màmá ò ní jẹ́ kí n fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ bó ṣe wù mí, èmi náà ò sì ní gbà. Ìjà ojoojúmọ́ nìyẹn. Kọ́lé fún mi."

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àbúrò ìyá Baibín tó wà ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ti sanwó ọkọ̀ òkun sílẹ̀ dè é, ọkọ̀ náà sì máa gbéra lẹ́yìn iná ńlá tí à ń dá ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ Jòhánù Mímọ́, nínú oṣù kẹfà. Lẹ́yìn iná yẹn kan náà ni Macdara, bíríkìlà kan ṣoṣo tí a ní, máa ń lọ sí Scotland láti bá wọn kórè. Bí Macdara bá lọ láìfi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, kò sí ilé lọ́dún yẹn nìyẹn. Bí kò bá sì sí ilé, Boston yá fún Baibín. Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, a sì mọ̀ pé ohun tó bá sọ ló máa ṣe.

Orí òkè ni wọ́n kọ́kọ́ to òkúta sí. Ibẹ̀ wu Baibín débi pé ó ti ń sọ ibi tí fèrèsé máa wà. Láti ibẹ̀, èèyàn á rí gbogbo òkun, á sì rí ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Nígbà tó di àárọ̀, òkúta ti wó lulẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n wá sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́bàá kànga àtijọ́ nítòsí omi, wọ́n tún tò ó. Ibẹ̀ náà ló wó sí, òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi.

Macdara bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi nu ojú. "Ẹ má bínú sí mi o. Mi ò ní gbé òkúta lé òkúta níbi tí àwọn yẹn ti ní rárá. Mo níyàwó, mo lọ́mọ, màlúù mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ."

"Baibín," ni Beartla wí, ojú rẹ̀ wálẹ̀, "bóyá wọn ò fẹ́ wa ni."

"Ta ni wọn ò fẹ́? Èmi? Kí ni mo fi ṣẹ̀ wọ́n?" Baibín káwọ́ sí ìbàdí. "Láti kékeré, mi ò fún wàrà rí kí n má kọ́kọ́ ta tiwọn sílẹ̀. Tí mo bá fẹ́ da omi ẹlẹ́gbin nù, mo máa ń ké pè wọ́n kí wọ́n yà lọ́nà kó má baà ta sí wọn láṣọ. Èmi àti àwọn ò jà rí. Ẹ máa lọ sílé, ẹ fi mí sílẹ̀ níbí díẹ̀."

Wọ́n lọ. Beartla kọrí sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Baibín lóṣòó ti òkúta tó wó, ó ń wò ó bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀gbin nínú ìyẹ̀fun. Apá ibì kan náà ni gbogbo wọn ṣubú sí, bíi pé nǹkan kan ló tì wọ́n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ igun kọ̀ọ̀kan, nínú yanrìn pupa tútù ẹ̀bá kànga yẹn, ihò kékeré kan wà tó rí roboto, tí etí rẹ̀ mọ́ rekete. Igi lásán kò lè gún irú ihò bẹ́ẹ̀. Irin ló ń ṣe é.

Yéè! Irin kẹ̀! Ọmọdé tí kò tíì mọ Àdúrà Olúwa lábúlé wa mọ̀ pé Àwọn Ẹni Rere kì í sún mọ́ irin. Ẹ̀mú tí a fi ń kó ẹyin iná là ń gbé lé orí ibùsùn ìkókó, kí wọ́n má baà wá fi ọmọ tiwọn pààrọ̀ rẹ̀. Ní gbogbo abúlé sì rèé, ọ̀pá kan ṣoṣo ló ní irin nídìí. Ọ̀pá Nábla ni. Nígbà òtútù tó kọjá, Nábla yọ̀ lórí yìnyín nígbà tó ń lọ sí Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, Beartla bá gbé ọ̀pá náà lọ bá alágbẹ̀dẹ, kí ó fi irin sí i kó lè máa di ilẹ̀ mú.

Inú bí Baibín, kí n má parọ́ fún yín. Ti pé ìyá ọkọ ò fẹ́ ìyàwó, ìyẹn kì í ṣe nǹkan tuntun. Ṣùgbọ́n kí èèyàn fi orúkọ Àwọn Ẹni Rere purọ́? Àyà ìyá yìí mà kì í já o! Ó gbé òkúta kan nínú àwọn tó wó, òkúta funfun kan tó ń dán, ó wé e sínú épírónì rẹ̀, ó kọrí sílé Nábla.

Nábla ń se pòtétò lọ́wọ́. Obìnrin kúkúrú kan ni, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀, tí ojú rẹ̀ ṣì mú bí ojú ẹyẹ etí òkun.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Káàárọ̀, ìyàwó mi. Mo gbọ́ pé ó tún wó. Ó mà ṣe o. Ó dùn mí gan-an ni."

"Ẹ mà tètè gbọ́, Màmá. Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀ yìí, mi ò tíì délé."

Nábla tún iná tí kò nílò àtúnṣe kó jọ. "Ọ̀rọ̀ máa ń yára lábúlé yìí."

"Ó yára lóòótọ́. Ọ̀pá yín dà?"

"Kí lo fẹ́ fi ọ̀pá mi ṣe láàárọ̀ kùtùkùtù?"

"Mo kàn fẹ́ wo ìdí ẹ̀ ni."

Ọ̀pá náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Baibín gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Yanrìn pupa ṣì lẹ̀ mọ́ irin ìdí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ dúdú ló yí ilé Nábla ká títí dé ojú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ìgbà wo ni Àwọn Ẹni Rere bẹ̀rẹ̀ sí í mú irin dání?"

Omi pòtétò hó, ó dà sínú iná, kò sẹ́ni tó sọ ìkòkò kalẹ̀. Nígbà tí Nábla sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ṣé o máa sọ fún Beartla?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi. Kí ni mo ṣe fún yín?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ká ní ọmọ burúkú ni ẹ́, ǹ bá kórìíra ẹ, ọkàn mi ì bá sì balẹ̀." Nábla fi etí aṣọ nu ojú. "Òkun ló gba bàbá Beartla lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ mi obìnrin, Amẹ́ríkà ló gbà wọ́n. Nínú ilé yìí la ti jó fún wọn kí wọ́n tó lọ, à ń jó, à ń sunkún wọn bí ẹni ń sunkún òkú, mi ò sì fojú kàn wọ́n mọ́ láti ọjọ́ náà. Beartla nìkan ló kù. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, mo wo orí òkè tí o fẹ́ràn yẹn, Baibín. Mo wò ó títí. Èéfín ilé yín ò lè hàn sí mi láti ibí. Ti ẹ̀bá kànga náà ò lè hàn. Màá kàn máa jókòó síbí ni, èmi àti màlúù. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé o fẹ́ gbọ́ ọ? Ẹ̀rù ń bà mí."

Àánú ṣe Baibín, àánú náà sì múnú bí i, torí pé ìjà ló bá wá. Ó gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ó fi ìyá náà jókòó sórí àpótí.

"Màmá, ẹ gbọ́ mi. Tí kò bá sí ilé, mò ń lọ Boston. Ìyẹn ẹ mọ̀. Èyí tí ẹ ò mọ̀ ni pé tí mo bá wọ ọkọ̀, Beartla á wọ̀ ọ́ tẹ̀ lé mi. Ó ti sọ fún mi. Ẹ̀yin ni kò rójú sọ ọ́ fún."

Ọwọ́ Nábla lọ sí ẹnu.

"Jésù mi! Mò ń ti òkúta kí ọmọ mi má baà jìnnà sí mi."

"Òun náà lẹ sì ń tì sínú ọkọ̀." Baibín kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkanra. Ó fa ọ̀pá lé e lọ́wọ́. "Ó ti tó bẹ́ẹ̀. Ẹ dìde. Ẹ fi ọ̀pá yìí tọ́ka sí ibi tí ẹ fẹ́ kí ilé wa wà."

Nábla jáde sẹ́nu ọ̀nà. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà ó na ọ̀pá sí oko pòtétò àtijọ́ kan tó wà lódìkejì odò kékeré, níbi tó súnmọ́ débi pé bí èèyàn bá sín níbẹ̀, wọ́n á kí i pẹ̀lẹ́ láti ilé Nábla. Baibín wo ibẹ̀. Òkun ò hàn láti ibẹ̀. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà Nábla nìkan ló máa rí. Ó rántí fèrèsé rẹ̀ orí òkè, ó dùn ún wọnú egungun, ó gbé e mì.

"Ó dáa. Ibẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọ́dọ̀ máa wá tọ́ ọbẹ̀ mi wò o."

"Tí kò bá níyọ̀ ńkọ́?"

"Màmá!"

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n rín in tán, Baibín na ìka sí i. "Ohun kan ló kù. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó ni ọ̀nà ni kó dáhùn fúnra wọn. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀pá kàn án."

"Mo fi ibojì ọkọ mi búra," ni Nábla wí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n to òkúta sínú oko pòtétò, lójú gbogbo èèyàn. Macdara ti ń di ẹrù Scotland, ó sì sọ pé ìkẹyìn nìyí. Baibín fọwọ́ ara rẹ̀ to igun tó dojú kọ ilé Nábla. Òkúta funfun tó gbé wá nínú épírónì rẹ̀ ló fi dé e lórí.

Láàárọ̀, òkúta dúró! Gbogbo igun ló dúró digbí. Beartla, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, ké tòò, ó ju fìlà rẹ̀ sókè, fìlà náà bọ́ sínú odò. Macdara tutọ́ sáwọ́, ó ní kí wọ́n gbé ṣọ́bìrì wá kíákíá. Ìyá Baibín ti ń sọ ẹni tó máa pè síbi ìgbéyàwó àti ẹni tí kò ní pè.

Baibín nìkan ni kò yọ̀. Òkúta funfun rẹ̀ ò sí lókè mọ́. Àárín ló wà, láàárín òkúta dúdú méjì.

Ó yọ́ kúrò láàárín wọn, ó gba orí òkúta odò kọjá, ó lọ bá Nábla. Ìyá náà jókòó síta lórí àpótí, kò tíì dáná, ilẹ̀ dúdú sì wà ní gbogbo èékánná rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ ṣe?"

"Mi ò tì í! Kí n kú tí mo bá tì í!" Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Bí ojúmọ́ ṣe ń mọ́ ni mo jáde láti wò ó. Igun kan ti wó, igun tó dojú kọ mí yìí. Mo ní tí wọ́n bá rí i, ó parí, ẹ lọ nìyẹn, ìwọ àti ọmọ mi. Mo bá tò ó padà."

"Ṣé kì í ṣe afẹ́fẹ́?"

"Afẹ́fẹ́ wo? Ewé kan ò mì."

"Màlúù yín ńkọ́?"

"Ó wà ní ìso, lọ wò ó." Nábla di apá rẹ̀ mú. "Baibín, ọmọ mi, má kọ́lé síbẹ̀. Mo ti fi orúkọ wọn purọ́, ní báyìí tí wọ́n wá sọ òótọ́, mo tún pa á mọ́. Mi ò lè fi ẹ̀yin àti ọmọ tí ẹ máa bí sanwó ìyẹn. Kọ́ ọ sórí òkè tó wù ẹ́. Kò sẹ́ni tó ń gba ibẹ̀ kọjá, èmi ni mo ti tòhún ṣubú. Kí n má tiẹ̀ rí èéfín yín mọ́, kí ẹ ṣáà wà láyé."

Baibín dúró. Òkè rẹ̀ rèé, ìyá yìí ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún un. Ó wo òkè náà, ó sì wo Nábla tó ń gbọ̀n lórí àpótí. Ìgbà yẹn gan-an ló mọ̀ pé òun ò fẹ́ òkè mọ́.

"Igun mélòó lẹ ní ó wó?"

"Ọ̀kan."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Wọ́n dúró bí o ṣe tò wọ́n."

"Ẹ wá gbọ́, Màmá. Ká ní wọn ò fẹ́ wa níbẹ̀ ni, gbogbo ẹ̀ ni wọn ì bá tú ká. Igun kan ṣoṣo ni wọ́n fọwọ́ kàn. Wọn ò lé wa. Wọ́n ní ká sún díẹ̀ ni, ká jẹ́ káwọn rọ́nà kọjá. Ṣé aládùúgbò tó bá ní kéèyàn sún díẹ̀ ṣẹ̀ èèyàn ni?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó padà sínú oko, ó ti òkúta igun náà ṣubú lójú gbogbo wọn. Ìyá rẹ̀ figbe ta.

"Igun yìí wó kí ẹ tó dé," ni Baibín wí. "Ẹni kan tò ó padà torí ìfẹ́ tó ní sí wa, kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé ta ni. Ẹ̀gbọ́n Macdara, ṣé ẹ lè kọ́ ilé tí wọ́n gé igun rẹ̀?"

Ojú Macdara là. "Kí lo rò pé bàbá mi àgbà ń ṣe láyé ẹ̀? Màá gé e sínú láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, màá fi àyè sílẹ̀ tó tó kí èèyàn gba ibẹ̀ kọjá láìfi èjìká kan ògiri. Ẹni tó bá ń kọjá á kọjá."

"Ó yá, ẹ gé e."

Beartla wo ìyá rẹ̀ lódìkejì odò, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó jọ pé ó fẹ́ béèrè nǹkan kan. Ó tún inú rò, ó lọ gbé ṣọ́bìrì, ọlọ́gbọ́n ọmọ ni.

Ìpìlẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dá iná Jòhánù Mímọ́. Ọkọ̀ Boston lọ láìsí Baibín nínú rẹ̀, àbúrò ìyá rẹ̀ sì bínú sí i títí ó fi gbọ́ pé ó ti bímọ. Ní ọjọ́ tí wọ́n bo òrùlé, Nábla gbé ọ̀pá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ó ní kó yọ irin ìdí rẹ̀ kúrò.

"Ẹ máa ṣubú o, Màmá," ni alágbẹ̀dẹ wí.

"Kí n ṣubú. Èmi àti àwọn kan la jọ máa máa gba ọ̀nà kan. Ṣé irin ni kí n máa fi gún wọn lẹ́sẹ̀?"

Láti ìgbà náà, bí iná ìrọ̀lẹ́ bá ti ń jó, Baibín á gbọ́ ọ̀pá onígi náà tó ń dún kò, kò, kò, tí ó ń yí igun tí wọ́n gé kọjá. Á ti ya pòtétò kan tí bọ́tà wà lórí rẹ̀ sọ́tọ̀ de Nábla. Koríko ò hù lójú ọ̀nà yẹn mọ́. Bí àlejò bá béèrè, Beartla á ní ọ̀nà Àwọn Ẹni Rere ni. Ẹni tó wó igun òkúta yẹn, títí dòní a ò mọ̀ ọ́n, Baibín ò sì béèrè. Nábla á wọlé láìkanlẹ̀kùn, á ṣí ìkòkò, á tọ́ ọ wò, á sì sọ pé iyọ̀ ò tó.

Ó wá di ìrọ̀lẹ́ kan nígbà òtútù, ọ̀pá ò dún. Baibín tẹ́tí. Ó tún iná kó jọ, ó tún tẹ́tí. Pòtétò ti tutù nínú àwo. Ló bá ju ṣíbí sílẹ̀, kò mú ṣọ́ọ̀lù, ó sáré yí igun náà kọjá nínú òjò, ó gba inú odò torí pé kò rójú wá òkúta rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn Nábla ṣí gbà-à.

Nábla jókòó síwájú iná, ara rẹ̀ le koko, ó ń hunṣọ.

"Màmá! Kí ló ṣe yín?"

"Kò sí nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá o máa wá ni."

Baibín dúró síbẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀, èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Inú bí i débi pé omijé jáde lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fa àpótí kan, ó jókòó tì í, ó ṣí ìkòkò orí iná, ó bu ọbẹ̀ sí ṣíbí, ó tọ́ ọ wò.

"Ọbẹ̀ yín ò níyọ̀," ló wí.